Ẹ jẹ́ kí fóònù wà lọ́wọ́ àwọn àgbà tí a bá ń ṣe máàpù ìtàn àdúgbò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà Odò-Ogbè ní Ilé-Ifẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù ìgbàlódé, kó má fi ímeèlì bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìtàn àdúgbò wọn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n mọ ìyẹn ju ẹni tó ń kọ́ wọn lọ. Máàpù ìtàn là ń wí: máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé béèyàn bá tẹ àmì kan, á rí fọ́tò ibẹ̀, á sì gbọ́ ohùn ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni fóònù máa ń wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn àgbà á sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á padà sílé bí wọ́n ṣe wá.

Orí kádíbọ́ọ̀dù ńlá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn àgbà Ìlódè tàbí Ìrẹmọ ya òpópónà wọn sí i, kí wọ́n sì mú ibi 10 péré: kànga àtijọ́, agbolé, ibi tí ọjà wà kó tó kúrò. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń kọ́lé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé fi mọ Ifẹ̀ lónìí. Ìyẹn ti wà nínú ìwé. Ohun tí àwọn ará agbolé náà fúnra wọn ń sọ nípa rẹ̀ ni máàpù nílò.

Lẹ́yìn náà, ẹ jáde. Fóònù ò nílò dátà kó tó mọ ibi tó wà, sátẹ́láìtì ló ń wò. Àmọ́ láìsí dátà, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó rí wọn. Ẹ dúró ní gbangba, torí láàárín ilé tó fún mọ́ra, àmì á yẹ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà. Nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka sí ibi tí ẹ wà (latitude àti longitude) ló máa jáde: ní Ifẹ̀, àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bíi 7.48, ìkejì 4.56. Ẹni tó bá fi ìkejì ṣáájú, agbolé rẹ̀ á lọ bọ́ sí ìtòsí Opobo, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Bí àmì kan bá sọnù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn àgbà ni kó tẹ bọ́tìnnì, ibí yìí sì ni sùúrù àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń tán. Ìka tó ti gbẹ, pàápàá ti àgbẹ̀, ojú fóònù kì í tètè gbọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu ìka náà. Wọ́n tún máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹ́, fóònù á wá ṣe nǹkan mìíràn. Nínú Settings fóònù Android, lábẹ́ Accessibility, ẹ wá "Touch & hold delay", kí ẹ sọ ọ́ di "Long". Ẹ mú kí lẹ́tà tóbi, kí iná ojú fóònù má sì kú kó tó pé ìṣẹ́jú 5. Àtúnṣe kékeré ni, àmọ́ òun ló ń mú kí ìyá àgbà gbà pé kì í ṣe àwọn ni kò gbọ́n.

Ohùn ìṣẹ́jú kan sí méjì tó. Tí ẹ bá fi í pamọ́ ní 64 kbps, ìṣẹ́jú kan ò tó ìdajì MB. Ẹ dín fífẹ̀ fọ́tò kù sí píksẹ́lì 1280, torí ẹni tó ra dátà kékeré ò ní dúró de fọ́tò MB 4.

Lórí uMap, ìkànnì tí èèyàn ti lè ṣe máàpù tirẹ̀, ni kí ẹ to gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀fẹ́ ni, máàpù OpenStreetMap, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń ṣe, ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Líǹkì fọ́tò àti ti ohùn lẹ máa fi síbẹ̀. Bí ẹ bá kó wọn sí Google Drive láìṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á kàn bá ìwé ìtọrọ àyè pàdé ni. Lórí OpenStreetMap gan-an, orúkọ ibi nìkan ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìtàn. Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ Yorùbá, "name:yo", kí ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa. Ẹ má da nǹkan kọ láti Google Maps. Wọn ò gbà á.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ baálé kí ẹ tó ya fọ́tò agbolé, àti lọ́wọ́ abọrẹ̀ kí ẹ tó fi àmì sí ojúbọ. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì fa ààlà kankan, ì báà jẹ́ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tàbí láàárín agbolé méjì. Ibi tí nǹkan wà ni kí ẹ sàmì sí, kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí.

Kí ètò tó parí, kí àwọn àgbà kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara wọn fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lórí WhatsApp. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe é, ẹ pè wọ́n padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Àwa olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.