Babaláwo kọ́ ni GMAT

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí àwọn yunifásítì pa GMAT tì, ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ẹni tó fẹ́ kọ́ MBA, ìyẹn dìgírì kejì nínú ìṣòwò, nítorí òun mọ ẹnìkan tó gba máàkì ńlá, tó gba MBA, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kógbá sílé kí ọdún tó yí po. Ta ló sọ fún un pé babaláwo ni ìdánwò náà?

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò 9 kóra jọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953 láti dá a sílẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ kíláàsì kò ní bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Máàkì ọdún kìíní ní kíláàsì ni ìdánwò náà ń tọ́ka sí, kò sì ṣe é fojú rénà níbẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá wo èsì dìgírì àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Wọ́n á ní, nínú kíláàsì, ẹni tó gba 705 àti ẹni tó gba 655 kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí alájàpá bá ti ṣa iṣu kéékèèké sílẹ̀ lóko, tó kó àwọn gìdìgbà nìkan wá sọ́jà, ẹni tó dúró nídìí àtẹ rẹ̀ á ní títóbi iṣu kò kan iye tí wọ́n ń tà á. Kò rí èyí tó kù lóko. Àwọn tí ìdánwò dá padà lẹ́nu ọ̀nà kò sí ní kíláàsì tí à ń wò.

Ẹ̀dùn ọkàn tèmi yàtọ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe GMAT, ní Under G níbí, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀ (ẹ̀yin náà mọ iye tí dọ́là ń jẹ́). Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́, wọkọ̀ lọ Èkó láti ṣe é. Ìbéèrè 64, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Ọmọ tó ń ṣírò owó oníbàárà kí ìyá rẹ̀ tó wọn ẹ̀lúbọ́ tán, aago lé e títí tó fi fìdí rẹmi. A fi oṣù méjì kọ́ bí a ṣe ń bá aago ṣeré, ó sì padà lọ. Máàkì fò sókè. Ọpọlọ rẹ̀ kò kúkú pọ̀ sí i. Owó ìlọ́po méjì ló bá a lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó tà láwìn fún. Ó ní òun sọ̀rọ̀ títí dátà fi fẹ́ẹ̀ tán.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìṣirò,
Ògbómọ̀ṣọ́.