Bàbá, ìfẹ́ ọ̀tun ò bẹ̀rẹ̀ lórí Instagram

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín tí wọ́n ti ń bú àwọn ọmọ ìsinyìí pé nǹkan tuntun nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọyì aṣọ ìbílẹ̀ mọ́, òní sítáì yìí, ọ̀la sítáì yẹn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí, ṣùgbọ́n aṣọ ni mò ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn níbí, n ò sì lè dákẹ́.

Èwo gan-an laṣọ ìbílẹ̀ tẹ́ ẹ ń wí? Ṣé léèsì ni? Lustenau ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é wá fún wa láti bí ọdún 1960 síwájú, àwọn oníṣòwò wa ló ń wọ bàálù lọ bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń júwe irú èyí táwọn èèyàn ń fẹ́. Àbí ànkárá? Vlisco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ànkárá, ti wà ní Helmond ní Netherlands láti 1846, bátíìkì àwọn ará Indonesia ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ sín jẹ kí wọ́n lè tà á fún wọn, ìgbà tó dé etíkun ọ̀dọ̀ wa làwọn ìyá àgbà wa rí i tí wọ́n gbá a mú, àwa náà wá sọ ọ́ di tiwa. Àlàárì, aṣọ òkè pupa tá a fi ń yangàn pàápàá, sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún láyé ọjọ́un, aṣálẹ̀ Sahara ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àdìrẹ. Ìgbà tí aṣọ funfun òyìnbó dé, tó tẹ́jú dáadáa, làwọn aláró Abẹ́òkúta rí ibi ya oríṣiríṣi àwòrán sí. Ní 1935 tí ọba George karùn-ún ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè ní ìlú òyìnbó, wọ́n gbé àwòrán ọba àti ayaba sórí àdìrẹ, wọ́n pè é ní Olọ́ba, ó sì tà! Ẹ wá sọ fún mi, kí ló fi yàtọ̀ sí ọmọge tó rí sítáì lórí fóònù lánàá tó ń dààmú télọ̀ lónìí? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wọ òlékú, ìró kúkurú pẹ̀lú bùbá, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọge, ẹ kúkú rí i nígbà tó tún padà dé ní bí ọdún 1990 ó lé, táwọn ọmọ yín rò pé àwọn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ (ẹ ò sì tú wọn fó).

Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Sányán, aṣọ òkè ayé àtijọ́, wúwo, ó ń mú ooru, ta ló fẹ́ fi í jó lóòrùn ọ̀sán? Wọ́n gbé òwú fẹ́lẹ́ dé, wọ́n gbé òwú dídán dé, àwọ̀ tẹ́nì kan ò rí rí, ohun tí aṣọ òkè fi ṣì wà lára ìyàwó níbi ìdáná dòní nìyẹn. Ká ní wọ́n takú pé bí bàbá àwọn ṣe hun ún náà ni, inú àpótí ni ẹ bá ti máa wá a.

Èmi ò bá ọmọge jà. Ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ Ṣáínà ló ń bí mi nínú, kọ́sítọ́mà á gbé e lé ti aláró, á ní mọ́mì, èyí mà pọ́ọ́kú o, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí Ìtòkú, ọjà aládìrẹ l'Abẹ́òkúta, kó lọ ya fọ́tò méjèèjì sójú ìwé kan náà, kó sì kọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ, Gbági, Ìbàdàn