Ohun tí etí ẹlòmíràn ń gbọ́

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rẹ́rìn-ín títí. O ní kí ni àgbà bíi tèmi, tó ń ṣèwádìí ìró èdè, ń wá nínú a-b-d. Ó dáa, jẹ́ kí n sọ fún ọ, torí bí mo bá dákẹ́, o ò ní yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, gbé e síwájú ẹnu, kí o wá pe p bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bébà á mì. Èémí tó tú jáde lẹ́yìn tí ètè ṣí, kí tán-án-ná, ìyẹn iṣan inú ọ̀fun tó ń mú ohùn jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ló tì í. Fi s ṣáájú p yẹn, bébà ò ní fẹ́ẹ́ mira mọ́. P méjì ni wọ́n ń pè yẹn, ṣùgbọ́n bi ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, á ní ọ̀kan ṣoṣo lòun mọ̀. Kò purọ́. Èdè rẹ̀ kò fi èémí yẹn ya ọ̀rọ̀ kankan sọ́tọ̀, etí rẹ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Thailand ńkọ́? P eléèémí, p aláìléèémí àti b, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni; ṣi ọ̀kan pè, ọ̀rọ̀ mìíràn lo ti sọ yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti pín sí méjì nìyẹn. Oní-fònẹ́tíìkì ń wo ohun tí ẹnu, ọ̀fun àti afẹ́fẹ́ ṣe. Oní-fonọ́lọ́jì ń wo èyí tí èdè kà kún. Èmi fẹ́ràn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ máa ń wò wá bíi pé a ò ṣiṣẹ́ gidi.

P Yorùbá náà, má rò pé ẹgbẹ́ tiwọn ni. Ètè pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n lẹ̀ mọ́ àfàsé, ìyẹn ẹ̀yìn àjà ẹnu tó rọ̀, àwọn méjèèjì sì jọ tú. Dígí á fi ètè hàn ọ́. Ti ẹ̀yìn ahọ́n, àfi kí o fi ara mọ̀ ọ́n. Nínú àmì ìkọ̀wé tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1886 ń lò, k àti p ni wọ́n so pọ̀ fún un.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọ ọwọ́. Lọ́dún 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n ń gbé ìró kan sí ọmọ létí léraléra. Bí ìró bá yí padà tí ọmọ sì yíjú, ẹranko ìṣeré kan á tanná, á máa mira. Àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn mọ ìyàtọ̀ àwọn ìró Híńdì, èdè kan ní Íńdíà, tí àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbọ́. Nígbà tó máa fi di oṣù 10 sí 12, ọ̀pọ̀ wọn ò yíjú mọ́. Etí ò di o! Èdè ilé ló ti bá wọn yan èyí tó yẹ kí wọ́n kọbi ara sí, kí wọ́n tó mọ ìrìn dáadáa.

Iye ìró náà ò dọ́gba láti èdè dé èdè. Èdè Rotokas, tí wọ́n ń sọ ní erékùṣù Bougainville ní Papua New Guinea, ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì bíi 11 péré. Taa, ní Botswana àti Namibia, ní ju 100 lọ, ìró títa ahọ́n sì pọ̀ nínú wọn. Iye ti Taa gan-an, àríyànjiyàn ni, torí ẹni tó bá ka ìró títa ahọ́n àti èyí tó tẹ̀lé e sí ọ̀kan, iye tirẹ̀ á pọ̀ ju ti ẹni tó kà á sí méjì lọ. Inú sì máa ń bí mi tí wọ́n bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ sọ pé èdè kan gọ̀. Kí ni àwọn tó ń sọ Rotokas fẹ́ sọ tí wọn ò rí i sọ?

Mo ní iṣẹ́ fún ọ. Níbi tí o wà yẹn, wá ìró méjì tí àwọn onílé yà sọ́tọ̀, tí ìwọ ń gbọ́ bí ọ̀kan. Ní kí ẹnìkan pè wọ́n sórí fóònù, kó pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, má sì sọ èyí tó jẹ́ èwo fún mi. Fi ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.