Lẹ́tà sáà ìkíní sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: ọ̀rọ̀ inú rírun àárọ̀ Mọ́ńdè

Ẹ̀yin òbí wa àti alágbàtọ́,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ìnáwó ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù. Àpò yín kò ní gbẹ o.

Èsì WAEC ti jáde, ó sì dára ju ti èṣí lọ. Ẹ wá wò ó lára pátákó. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, kì í ṣe aago méjìlá. Ọgbà wa, tí àwọn kan ní kò ní dúró, ti so tòmátò, ewédú rẹ̀ ń ṣe fìrìgbọ̀n, ehoro wa sì ti bímọ méje. Ẹni tí kò bá tíì rí i, kó yà síbẹ̀ kó tó kọjá sí ọ́fíìsì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti wọlé ni ariwo ti pọ̀ lórí WhatsApp àwọn òbí pé ilé-ìwé yìí ń dẹ́rù ba ọmọ. Ọmọ JSS1 kan ló di irin géètì mú ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ní òun ò wọlé. Òbí rẹ̀ tú bẹ́líìtì, ó ń nà án lójú gbogbo èèyàn. Èmi fúnra mi ni mo gba bẹ́líìtì náà. Mi ò ní dárúkọ. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ.

Wọ́n ní bí kò bá sí ohun tí a ń fi ojú ọmọ náà rí, kò ní sá. Mo wádìí. Mo bi olùkọ́ rẹ̀, mo bi àwọn tó jókòó tì í: ẹnikẹ́ni kò nà án, ẹnikẹ́ni kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Lánàá, ẹ̀gbọ́n gbogbo ilé-ìwé ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ló ní. Lónìí, ó di àbúrò gbogbo wa, olùkọ́ ń wọlé tẹ̀ léra wọn, kò sì mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ẹ̀rù á bà á.

Ẹ̀rù yìí kì í sábà gba ẹnu jáde, inú ló máa ń run. Alẹ́ Sọ́ńdè ni yóò bẹ̀rẹ̀: ẹ̀fọ́rí, èébì, àìróorunsùn. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní á tún padà sí i. Tó bá di Sátidé, ara á yá, á jẹ iyán tán, á tún bèèrè sí i. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà o. Ṣùgbọ́n ibà wo ló ń dé ní Mọ́ńdè tó ń lọ ní Fúráìdé? Irọ́ kọ́ ni ọmọ ń pa. Ẹ̀rù a máa da ikùn rú. Àgbàlagbà tó ti jẹ́ ìpè kóòtù rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ńlá kì í sunkún. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tẹ fóònù di òru, wọ́n á jẹ́ kí bọ́ọ̀sì fi wọ́n sílẹ̀. Àfojúdi lẹ ń pè é. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù ni.

Bẹ́líìtì kì í lé ẹ̀rù, ó ń fi òmíràn kún un ni. Síbẹ̀, ẹ má fi ọmọ sílé. Ọjọ́ tó bá jókòó sílé, ara á tù ú, ti ọjọ́ kejì á wá le jù. Ẹ mú un wá, bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹ bi í ohun tó nira jù fún un, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn: wákàtí 9 sí 12 fún ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 8 sí 10 fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ̀rù náà kò lọ, ẹ wá rí olùkọ́ agbaninímọ̀ràn wa, tàbí kí ẹ lọ rí dókítà.

Ní tiwa, a ti fòpin sí fífi àwọn tó pẹ́ dé kúnlẹ̀ lójú àsẹ́ńbílì. Kì í ṣe nítorí WhatsApp. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀.

Láti òní lọ, òbí kankan kò gbọdọ̀ na ọmọ ní géètì wa. Ẹni tó bá dán an wò, ọ́fíìsì mi la ó ti parí rẹ̀, ọmọ á sì ti wọ kíláàsì kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọjọ́ yẹn ń dé ní aago méje àbọ̀ báyìí. Ó ń fún ehoro lóúnjẹ, lẹ́yìn náà ló ń wọ kíláàsì. Ó ti sọ ọ̀kan nínú wọn lórúkọ, kò tíì sọ orúkọ náà fún mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá ilé-ìwé