Ìkéde: Ọfọ̀ Kan Náà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí a tó jókòó ti tábìlì: nínú eré orí tábìlì tí à ń pè ní Dungeons & Dragons ẹ̀dà 5, bí ẹni méjì bá pe ọfọ̀ Bless lé ẹnì kan náà lórí, dáìsì olójú mẹ́rin kan ṣoṣo ló máa fi kún èsì dáìsì rẹ̀. Èyí tó lágbára jù ló ń ṣiṣẹ́. Bí agbára wọn bá dọ́gba, èyí tí a pè kẹ́yìn ni. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ kò parẹ́ o. Bí ọkàn ẹni tó pe ti ìkẹyìn bá yà kúrò lórí rẹ̀, ti àkọ́kọ́ á gba iṣẹ́ títí ìṣẹ́jú 1 tirẹ̀ yóò fi pé. Ibi tí a ti ń ṣì í gan-an nìyẹn, nítorí náà ẹ kọ àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bless àti Shield of Faith lè jọ ṣiṣẹ́. Ọfọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.