Lẹ́tà sí Múínà: ìbò parí, ọ̀rọ̀ Màmá ló kù

Òṣogbo,
Ọjọ́ 21, oṣù Keje, 2022.

Múínà mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ aláró,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Fárúùkù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé Yorùbá ò tíì tán lẹ́nu wọn? Mo gbọ́ pé ooru mú ní ìlú òyìnbó lọ́sẹ̀ yìí débi pé ó lé ní 40, ẹ sì ń pariwo. Ẹ kú ara gbígbóná o. Ẹ ti wá mọ ohun tójú wa ń rí.

Mi ò lè fi fóònù sọ èyí tí mo fẹ́ kọ yìí. Ilé yín ni mo máa ń wà lálẹ́, etí Màmá kò sì tíì dín rárá, kódà bí mo bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kọ̀rọ̀, wọ́n á dáhùn láti pálọ̀.

O ti gbọ́ pé Ìlérí Olúwa, Gómìnà Oyetola wa, ò wọlé nínú ìbò gómìnà Ọ̀ṣun. Àwa náà ò sùn mọ́jú Sọ́ńdè. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé làwọn ọmọ àdúgbò ti ń ka èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi bírò rò ó pọ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà Oyetola fúnra ẹ̀. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúndípẹ̀ tó kéde ẹ̀ láàárọ̀, gbogbo wa ti mọ̀. Adeleke ní 403,371, Oyetola ní 375,027, ìjọba ìbílẹ̀ 17 nínú 30 sì ti bá agboòrùn PDP, ẹgbẹ́ Adeleke, lọ. Ni "Ìmọ́lẹ̀ dé!", igbe àwọn èèyàn Adeleke, bá gba ìgboro. Ọlọ́kadà ń jó lórí ọ̀kadà, èrò tó gbé sẹ́yìn náà ń jó.

Tèmi ni pé Oyetola ò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó san owó oṣù pé, lẹ́yìn gbogbo ìyà àbọ̀ owó oṣù tá a jẹ nígbà Ọ̀gbẹ́ni Aregbesola tó ṣe gómìnà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbọ̀ tó ṣẹ́kù ò tíì tán nílẹ̀, ẹni tá a jẹ lówó kì í sì í gbàgbé. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni tún wá ń bú ara wọn ní gbangba, ọ̀gá àti ẹni tó fi ṣe olórí òṣìṣẹ́! Àti pé ìwọ náà mọ Ọ̀ṣun wa yìí. Bàbá Akande wá sáà kejì ní 2003, Oyinlola gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Oyinlola náà wá tiẹ̀, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ kúrò lágbede méjì. Ọ̀gbẹ́ni nìkan ló lo méjèèjì tán. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbí, kó yáa lọ kọ́ ilé ara ẹ̀.

Màmá ní tiwọn ti mú ẹgbẹ́ Adeleke láti 2018. O rántí pé ìbò 353 ni Adeleke fi ṣíwájú nígbà yẹn, tí wọ́n ní ìbò ò tíì parí, tí wọ́n lọ tún un dì ní ibùdó méje, tí Oyetola wá fi 482 borí. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń ka 353 yẹn bíi gbèsè àkàrà. Ọ̀rọ̀ Sérúbáwọ́n, ẹ̀gbọ́n Adeleke tó ti ṣe gómìnà rí, tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá bú ìdílé Adeleke lójú wọn, kó má retí oúnjẹ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Wàsíù wá di ẹlẹ́gbẹ́ ìgbálẹ̀ APC, ẹgbẹ́ Oyetola, paraku. Wọ́n lẹ fọ́tò Oyetola mọ́ géètì, ilé Màmá o! Ọjọ́ Iléyá gan-an, níwájú ẹran, ni òun àti Màmá jà lórí Adeleke tó mọ ijó àti Oyetola tó mọ̀wé. Màmá ní bó bá jẹ́ ìwé ni, ṣebí àwọn tó mọ̀wé náà ló san àbọ̀. Bọ̀ọ̀dá bínú, wọ́n gbé itan àgbò wọn, wọ́n lọ. Wọn ò tíì padà wá dòní.

Kí n tó gbàgbé: ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì, Táíwò ti di aránṣọ, Aláàjà Kúdí bí ìbejì, ọ̀gá físíìsì wa ti kú, Ọlọ́run forí jì í pẹ̀lú gbogbo ẹgba yẹn.

Lọ́jọ́ ìbò, Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, káàdì ìdìbò wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Nítòsí ibùdó, àwọn kan ń pe èèyàn sí kọ̀rọ̀. "Dìbò kó o sebẹ̀", ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra ìbò, tún ti dé. Màmá kọjá láàárín wọn láìwo ẹnì kankan. Mo ní ẹ gbọ́, obìnrin yìí níyì! Ó pẹ́ kó tó yé mi pé Màmá ò rí wọn ni.

Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ kọ ìka Màmá. Àgùnbánirọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ nu ọwọ́ Màmá, ó tún gbé e lé e, ó tún kọ̀. Aró àti eérú ti jẹ ìlà ọwọ́ yẹn tán, Múínà, orí ìka ń dán, èékánná sì dúdú síbẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti pa ìkòkò aró tì. Ìgbà tí wọ́n ya ojú wọn ni ẹ̀rọ tó gbà. Màmá ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ gan-an mọ̀ pé ojú mi dára." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún wọn ní ìwé ìdìbò. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n yí i síbi tí oòrùn wà. Ẹgbẹ́ 15 ló wà níbẹ̀, àmì wọn kéékèèké. Màmá rọra bi ọmọ yẹn pé, "Ọmọ mi, apá ibo ni wọ́n gbé agboòrùn sí?" Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ọmọ náà ní òun ò gbọ́dọ̀ sọ, pé bójú ò bá ríran dáadáa, òfin gbà kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n fọkàn tán dání. Mo ti ń bọ̀ níwájú. Màmá ní, "Ta lójú ẹ̀ ò ríran?" Ni wọ́n bá dá lọ tẹ̀ka. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ń pòṣé.

Wọ́n jó lọ́jọ́ Sọ́ńdè o, wọ́n jó ju Adeleke lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wá bi mí pé, "Àdùkẹ́, bí mo bá lọ tẹ ìgbálẹ̀ ńkọ́?" Mo ní 28,344 ni wọ́n fi lé wọn, ta ló máa wá tiyín rí níbẹ̀? A rẹ́rìn-ín títí. Mo délé, oorun ò kùn mí.

Múínà, nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú òsì. Ohùn ni wọ́n fi ń mọ èèyàn báyìí. Wọ́n máa ń bu ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á ní àwo náà ni kò dúró dáadáa. Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ọ, pé o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó o sáré wálé. Mi ò sì sọ. Mo kọ ọ́ ni.

Jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ni kó o kọ́kọ́ pè. Àwọn ló ní mọ́tò, Màmá ò sì ní tẹ̀ lé mi dé ilé ìwòsàn ojú, mo ti gbìyànjú. Sọ fún wọn pé ìjà ìbò ti tán, kí wọ́n wá gbé ìyá wọn kí wọ́n tó já sínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Tí Bọ̀ọ̀dá bá ti gbà, wá pe Màmá, má dárúkọ ojú. Ní kí wọ́n bá ọ ka nọ́ńbà ara káàdì ìdìbò wọn. Tí wọ́n bá ti ń ṣàwáwí, ibẹ̀ ni kó o ti mú wọn. Tó bá di iṣẹ́ abẹ, a jọ máa wá owó ẹ̀. Àjọ mi á bọ́ sí i lóṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n kò lè tó.

Má pè lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ń bọ̀ wá ṣàjọyọ̀, wọn ò ní ráyè gbé fóònù. Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun alásàárì, ló dáa. Tí wọ́n bá bi ọ́ ta ló sọ fún ọ, ní INEC ni.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ.