Àwa tí wọ́n ń pè ní ọmọ ajòro sùn, a wá ń fi ọlọ́tí elégédé ṣe yẹ̀yẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó, torí pẹ̀lú iye tí bébà ń lọ báyìí mi ò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é tí ìwé ìròyìn yín ṣì ń jáde. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ní òun rí fídíò kan lórí fóònù ọmọ òun níbi táwọn òyìnbó kóra jọ tí wọ́n ń fa bíà jáde látinú elégédé, tó wá ní ayé ti bàjẹ́, pé wọ́n ti yó kẹ́ri, pé nǹkan Hálówíìn ni, ọdún iwin àwọn òyìnbó, pé ẹ̀mí òkùnkùn wà ńbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi díẹ̀díẹ̀, ni mo bá wá bíró.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ọ̀mùtí ló ń gbèjà ọ̀mùtí o. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí dókítà ti ní kí n jáwọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àfi ìgò kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náà Ìyá Ìbejì gbọ́dọ̀ ti lọ sí vígílì. Àmọ́ mo ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bíà kan fún ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò ní dárúkọ wọn, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pọntí ni mo wà, ibi tá a ti ń já àpò ọkà látinú tírélà ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa wúlò tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ojú ti tì mí.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Seattle, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi pé wọ́n háyà ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọdún tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń pè ní ti òkùnkùn. Ilé iṣẹ́ bíà kan tó ń jẹ́ Elysian, tó ṣílẹ̀kùn ní 1996, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2005, wọ́n sọ ọ́ ní Great Pumpkin Beer Festival, àsìkò tí ewé igi ń wọ́ dànù lọ́dọ̀ wọn tí òtútù ń wọlé bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, ìyẹn nǹkan bí Oṣù Ọ̀wàrà tiwa níbí. Kì í ṣe ọtí tiwọn nìkan ni wọ́n ń gbé síta, àwọn apọntí ìlú mìíràn náà máa ń kó tiwọn wá, èyí tó dúdú bí kọfí, èyí tó pupa, èyí tó kan, èyí tó lágbára débi pé kọ́ọ̀pù kékeré ni wọ́n fi ń bù ú. Ọ̀kan nínú ti Elysian wà tí wọ́n ń pè ní Night Owl, ẹran elégédé wà nínú ẹ̀, kóró elégédé tí wọ́n yan wà nínú ẹ̀, wọ́n tún fi jíńjà, kànáfùrù, sínámọ́nù àti nọ́tímẹẹ́gì sí i. Nígbà tí ọmọ mi ka èròjà yẹn fún mi lórí fóònù mo ní ṣé bíà ni àbí àgbo.

Fídíò tó fi ránṣẹ́ sí mi, mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Elégédé kan wà láàárín èrò, èèyàn méjì ò lè gbé e, àwọ̀ ẹ̀ bí ọsàn tó ti pọ́n. Wọ́n ti gé orí ẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, wọ́n ti wa inú ẹ̀ dànù, wọ́n sì ti fi iná jó ara ẹ̀ nínú títí tó fi pọ́n dúdú, bí a ṣe ń fi èéfín sun akèrègbè ẹlẹ́mu. Wọ́n rọ bíà sínú ẹ̀, wọ́n dé orí ẹ̀ padà, wọ́n dí i pa, wọ́n wá jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ ọdún ni ọkùnrin kan tó gẹ irùngbọ̀n sílẹ̀ wá gbé òòlù, ó gbá ẹ̀rọ tí ọtí máa gbà jáde wọ ẹ̀gbẹ́ elégédé, gbà! gbà! gbà!, ọtí fọ́n sí i lójú, gbogbo èrò hó yéè, ọmọ mi náà hó tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi mì lọ́wọ́ ẹ̀ tí mi ò rí nǹkan kan mọ́ ju ọ̀run lọ. Níbo ni òkùnkùn wà níbẹ̀? Mo ti rí ìsìnkú ní Ìbàdàn yìí tó ní ọtí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí nínú lẹ́tà yẹn ni pé ẹni tó kọ ọ́ ò bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1600, bíà ni wọ́n ń mu bí omi nílé tí wọ́n ti wá, ọkà báálì ni wọ́n sì fi ń pọn ọ́n. Wọ́n débẹ̀, báálì ò tó, èyí tó bá fi ọkọ̀ ojú omi dé láti England owó gọbọi ni. Elégédé ló kún ilẹ̀, torí àwọn onílẹ̀ ti ń gbìn ín látayébáyé. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Elégédé ni wọ́n gún. Ìlànà kan wà láti 1771 tó wà lákọsílẹ̀ dòní, ó ní kí wọ́n lu elégédé nínú ọpọ́n, kí wọ́n fún omi ẹ̀, kí wọ́n sè é dáadáa, kí wọ́n fi ewéko họ́ọ̀pù tó ń korò sí i, kí wọ́n wá jẹ́ kó kan bíi bíà tòótọ́. Ọtí àìrówó ni, ọtí ẹni tí kò rí báálì rà. Ìgbà tí báálì wá pọ̀, kíá ni wọ́n pa á tì, kò sẹ́ni tó fẹ́ rántí ẹ̀ mọ́, títí di àárín àwọn ọdún 1980 tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Owens, tó nílé ọtí Buffalo Bill's ní Hayward ní California, kà á pé George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, pàápàá fi elégédé pọntí rí, ló bá lóun náà á dán an wò. Ó pọn ọ́n tán, kò gbọ́ adùn elégédé kankan lẹ́nu, ni wọ́n bá wá èròjà tí wọ́n ń fi sínú páì elégédé sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní èròjà lèèyàn ń gbọ́ lẹ́nu, elégédé kàn wà ńbẹ̀ bíi bàbá ìyàwó lóde ìgbéyàwó ni.

(Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí kó tó bọ́ lórí mi. Oṣù kìíní 2015 ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ni bíà Budweiser kéde pé àwọn fẹ́ ra Elysian. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni Budweiser yìí kan náà gbé ìpolówó síta nígbà Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó ń mu bíà elégédé àti èso píìṣì, bẹ́ẹ̀ Elysian ti pọn irú ọtí yẹn rí! Ẹni tó ń san owó orí ìyàwó lọ́wọ́ ọ̀tún tó ń bú ìyá ìyàwó lọ́wọ́ òsì.)

Olóòtú, ẹ gbà mí láyè kí n bi ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ìbéèrè kan. Ó ní ọmọ Ìbàdàn lòun. Báwo ni wọ́n ṣe ń kì í? Ìbàdàn ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́ ọ̀rí mu. Kí ni òro? Èso igbó ni. Ogun lé àwọn baba wa gun orí òkè, kò sí iṣu, kò sí àgbàdo, èso igbó ni wọ́n jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n jẹ yó, wọ́n wá fi ìkarahun ẹ̀ fọ́ ọ̀rí, ìyẹn ẹ̀kọ, mu nígbà tí ẹ̀kọ dé. Ebi ni wọ́n fi ń kì wá! A sì ń mi orí, a ń náwó fún onílù. Àwọn ará Seattle tí wọ́n ń gbá ẹ̀rọ wọ elégédé, oríkì ebi tiwọn ni wọ́n ń kì yẹn, ìlù ni ò sí.

Ebi ọtí tiwa gan-an ńkọ́? Mo wà níbẹ̀ ní 1988. Àpò báálì tá à ń já tẹ́lẹ̀ máa ń mọ́, ó máa ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba fòfin dè é pé báálì ò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà mọ́, torí owó ilẹ̀ òkèèrè ti wọ́n. Làwọn tírélà wá ń ti òkè ọya já wá pẹ̀lú ọkà bàbà. Eruku ẹ̀! Ó ń yún wa lọ́rùn bíi wèrèpè, a máa délé, ìyàwó á ní ká má wọ yàrá. Nínú lọ́hùn-ún àwọn ọ̀gá apọntí ò sùn, torí èèpo báálì ló máa ń ṣe bí asẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jọ omi ọtí, ọkà bàbà ò sì ní irú èèpo yẹn, ó di kí wọ́n wá ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n tún wá nǹkan tó máa bá wọn sọ ọkà di ṣúgà, ìyẹn gan-an òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, ẹ wá wo ọgbọ́n ìjọba. Nílé ọtí lálẹ́ ariwo ni: bíà yìí ti yàtọ̀, wọ́n ti fi omi ògì pò ó! Kò pẹ́ náà tí gbogbo wọn tún ń béèrè pé èyí tó tutù dà. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún báálì padà, ọkà bàbà ò kúrò ńbẹ̀, ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ bíà tá à ń mu dòní. Mélòó nínú yín ló mọ̀? Ọdún wo la ṣe fún ọkà bàbà?

Ká tiẹ̀ fi ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá ìyá mi, ní Òjé, apọnṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni. Á rẹ àgbàdo sómi, á tẹ́ ewé sílẹ̀, á dà á sí i, á bò ó, títí tá á fi hu irun funfun bí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Á wá sá a sóòrùn, á lọ̀ ọ́, á sè é, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó kan. Ìgbà tí mo wọ ilé iṣẹ́ bíà tí wọ́n ń ṣàlàyé móòtì, ìyẹn ọkà tí wọ́n mú hù, fún wa pẹ̀lú pátákó àti bíró aláwọ̀ mẹ́ta, mo ní ọ̀gá, ohun tí màmá mi àgbà ń ṣe lẹ́yìnkùlé lẹ ń sọ yìí o. Wọ́n ní kí n jókòó.

Wàyí o, ibi ìtìjú. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn fídíò ọmọ mi, mo lọ sí Bódìjà, mo ra elégédé kan. Obìnrin tó ń tà á ní, “Bàbá, ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ sè é fún ni?” Mo ní ọtí ni mo fẹ́ fi pọn. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó pe ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó ń ta ilá, “Ìyá Sàláwù, ẹ wá gbọ́ nǹkan o!” Mo délé, mo sè é, mo fọ́ ọ, mo bu ṣúgà àti kànáfùrù sí i, mo fi yíìsì tí wọ́n ń fi ṣe búrẹ́dì sí i, ọjọ́ kejì tí mo rí i pó ń hó mo ní ó ti jinná, mo rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́rin, mo sì dé e pinpin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọtí tó ṣì ń hó, atẹ́gùn ló ń tú jáde, kò ríbi gbà. Aago méjì òru ni ìgò àkọ́kọ́ bú gbàmù, ìkejì tẹ̀ lé e. Ìyá Ìbejì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ohùn kékeré pè mí, “Bàbá Ìbejì, wọ́n ti dé o, ẹ má dá wọn lóhùn.” Ilẹ̀ mọ́, ògiri kíṣìnnì pọ́n bí ẹni fi epo kùn ún, kóró elégédé lẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà ìjọ wa, lójú olùṣọ́ àgùntàn gan-an. Ọdún mọ́kàndínlógún nílé iṣẹ́ bíà! Àpò ni mo gbé, mi ò gbé ìmọ̀.

Ìgò méjì tó kù, mo rọra ṣí wọn. Ó ń ta lẹ́nu díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, kò sì burú. Ìyá Ìbejì tọ́ ọ wò, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá májèlé ni. Ìgbà tó bu kọ́ọ̀pù kejì, májèlé náà ló ṣì ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ọjọ́ kan péré nínú Oṣù Ọ̀wàrà, ní Mọ́kọ́lá tàbí níwájú Mápó, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n pọn gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àgàdàgídí, ẹmu àti ọtí ọkà bàbà jáde, kí elégédé wà ńbẹ̀, kí kunu wà fún Alhaji àdúgbò mi àti fún èmi tí dókítà ń ṣọ́, kí wọ́n má ta ọtí fún ọmọdé. Mi ò fẹ́ fọ́tò olóṣèlú kankan lára báńà o. Tí wọ́n bá ti gbé e fún kọ̀ngílá ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ìṣòro wà. Mo ti wá apọnṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti Òjé dé Bẹẹrẹ, mo gba Ìdí-Arẹ̀rẹ́ kọjá. Ní ibì kan wọ́n ní ìyá náà ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ń ta káàdì fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Níbòmíràn wọ́n gbé omi ṣúgà aláwọ̀ fún mi. Torí náà ẹ bá mi fi èyí sójú ìwé yín: tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé bá mọ ìyá tó ṣì ń hu àgbàdo fúnra ẹ̀ tó ń fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìbàdàn, kó fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, màá wá gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní dé ìgò.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Òkè-Adó, Ìbàdàn.